Ọkọ̀ ojú irin ọmọ mi ń dúró lójú ọ̀nà: kí ni ẹ fi ń nu irin tiyín?

Bàbá Ẹ̀bùn, Ìbẹ̀rẹ̀kó, Badagry (Sátidé, 8:10 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi á pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tọ́ràn kàn ní í ké gbà mí.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ mi ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Mile 2 lọ sí Marina. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí n simi. Àbúrò mi tó wà nílùú Òyìnbó gbọ́, ló bá ra ọkọ̀ ojú irin ìṣeré, èyí tí wọ́n ń tò sílẹ̀, fi ránṣẹ́: ẹ́ńjìnnì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, kóòṣì méjì, irin tó yípo bí ẹyin, àti àpótí tí wọ́n ń kì bọ iná NEPA. Tòkunbọ̀ ni, ó ní ọwọ́ bàbá àgbà kan ni òun ti rà á.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ó ń sá bí ẹṣin. Ní báyìí, á sáré díẹ̀, á dúró, á gbọ̀n jìgìjìgì, àfi kí èèyàn fi ìka tì í. Mo wo irin, ó ti dúdú. Mo mú sánpépà, mo fá a. Ó dáa fún ọjọ́ méjì, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra oògùn kan láti òkè òkun. Ohun tí mo lè rí rà lọ́jà Àgbálátà ni kí ẹ bá mi wá.

Ọmọ Àjárá (8:31 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́wọ́. Ta ló ń fi ìka tì í, ọmọ ni àbí ẹ̀yin gan-an?

Bàbá Ẹ̀bùn (8:34 àárọ̀)

Àwa méjèèjì ni. Ìwọ dá mi lóhùn ohun tí mo bi ọ́.

Oníwáyà Ìkòròdú (9:05 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé sánpépà yẹn fún káfíńtà. Ó ti fa ilà wẹ́wẹ́ sójú irin, ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n inú ilà yẹn ni ìdọ̀tí ń lọ sá pamọ́ sí. Tó bá ti wọ ibẹ̀, aṣọ kò lè kó o mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi tún dúdú kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń rìn, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí iná ń gbà kò ní máa fá irin kiri. Fóòtì 12 péré ni iná tó ń jáde nínú àpótí yẹn, DC sì ni, irú iná bátìrì. Irin apá ọ̀tún gbé ẹ̀gbẹ́ kan, irin apá òsì gbé èkejì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ irin, tó ń gbé e lọ fún mọ́tò. Ibi tí ẹsẹ̀ ti kan irin kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni tiyín, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Bí ẹsẹ̀ kan bá gun ìdọ̀tí, tí èkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà kò bá kanlẹ̀ dáadáa, iná já nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó gùn, tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ gba iná, ì bá ti kọjá lọ láìmọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Dúdú yẹn náà kì í ṣe eruku nìkan. Ọ́ìlì tó ń yọ láti inú ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, eruku ilé wà níbẹ̀, ike tó ń jẹ lára ẹsẹ̀ kóòṣì wà níbẹ̀. Lálẹ́, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ìdí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń lọ. Ẹ ó rí iná wínníwínní tó ń ṣẹ́ pàrà. Òun ló ń sun gbogbo ẹrẹ̀ yẹn mọ́ irin.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nu ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá irin ló jẹ̀bi. Ẹ lọ bá mẹkáníìkì ọ̀kadà, kí ó fún yín ní gílóòbù kékeré ti dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń lo fóòtì 12. Ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn. Ẹ ṣí iná àpótí yẹn tán pátápátá, kí ẹ fi wáyà kan kan irin ọ̀tún, kí ẹ fi èkejì kan irin òsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wáyà àpótí ti wọlé, ẹ máa bá a yípo. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ìyá Tọ́lá, Ẹ̀pẹ́ (10:20 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ló ní àìsàn ọkọ̀ ojú irin yìí, èmi kò ní in, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń nù ún. Orí pákó ni tiwa wà, nínú yàrá tó yẹ kí ó jẹ́ ti àlejò.

Kẹrosíìnì ni. Ẹ mú àǹkárá tó ti gbó, èyí tí kì í hu òwú sílẹ̀. Ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ẹ fún un dáadáa, ẹ wé e mọ́ ìka, ẹ fà á lórí irin láti ìkángun dé ìkángun. Aṣọ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ yí ojú rẹ̀ padà, ẹ tún fà á. Tó bá yá, ẹ mú aṣọ gbígbẹ, ẹ nu gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀ títí aṣọ á fi kọjá láìdọ̀tí. Gbígbẹ yẹn ni iṣẹ́ gan-an, àwọn ọkùnrin kì í sì í ní sùúrù rẹ̀. Ọkọ mi da kẹrosíìnì sórí irin lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí ó lè yá. Ẹ́ńjìnnì wá ń yí ẹsẹ̀ lójú kan bí ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀.

Ẹ má sì dán ohun tí a fi ń pa kúútẹ́ẹ̀sì rẹ́ wò o. Èmi ṣe é. Ike abẹ́ irin yọ́ bí ṣíńgọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Tínà àwọn akunlé náà kò yàtọ̀ sí i.

Atúnfóònùṣe (10:48 àárọ̀)

Mà, ẹ má bínú, èmi kò fara mọ́ kẹrosíìnì. Bó ti wù kí ẹ nù ún tó, ó ń fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, òróró ló sì ń pe eruku. Sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti gbẹ. Èyí tó tún dáa jù ú lọ ni isopropyl tí àwa fi ń fọ bọ́ọ̀dù fóònù, èyí tí wọ́n kọ 99 sí lára, nítorí omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe, á bu díẹ̀ fún yín sínú ìgò.

Ìyá Tọ́lá, Ẹ̀pẹ́ (10:55 àárọ̀)

Àbúrò mi, fóònù lò ń tún ṣe, fóònù kì í sáré lórí irin. A ti lo sípírítì rí. Ó mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún fi dúdú.

Oníwáyà Ìkòròdú (11:30 àárọ̀)

Ẹ má jà. Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó tó ń tò ó, kò sì tíì parí. Àwọn kan ní irin tí a fi sípírítì nù máa ń ṣẹ́ iná pàrà ju èyí tí a fi nǹkan ẹ̀yà kẹrosíìnì nù lọ, pé ìdí nìyẹn tó fi ń tètè dúdú. Àwọn kan ní irọ́ ni. Tèmi ni pé, irú irin wo ni? Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n fi nǹkan kan náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá òòfà ìdí sípíkà tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi kan irin yẹn. Tó bá gbá a mú, irin gidi ni, irú èyí tó ń dógùn-ún. Tí kò bá fà á, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí idẹ, idẹ ni. Tó bá funfun bíi fàdákà, tí òòfà kò sì fà á, èyí tí Òyìnbó ń pè ní nickel silver ni. Fàdákà kankan kò sí nínú rẹ̀ o, orúkọ lásán ni. Bàbà, síńkì àti níkẹ̀lì ni wọ́n pò pọ̀.

Bàbá Ẹ̀bùn (1:15 ọ̀sán)

Mo ti dé. Òòfà gbá a mú gbà! Irin gidi ni.

Gílóòbù ọ̀kadà náà ti sọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ti wọlé, ó tàn kedere. Bí mo ṣe ń lọ ló ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé òdìkejì, ó pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọkọ̀ ti ń dúró jù.

Oníwáyà Ìkòròdú (1:40 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ di méjì nìyẹn. Ìdọ̀tí wà, ṣùgbọ́n iná náà kò dé òdìkejì dáadáa. Oríkèé ló fà á, ìyẹn páànù kékeré tó ń so irin kan mọ́ èkejì. Ẹ tú gbogbo rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ inú páànù náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ẹ̀mú há a díẹ̀ kí ó lè di irin mú. Díẹ̀ ni mo wí o, tí ẹ bá há a jù, kò ní wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa wáyà méjì mìíràn láti àpótí yẹn lọ sí òdìkejì: èyí tó wà lápá inú kò gbọdọ̀ kúrò lápá inú, tòde kò sì gbọdọ̀ kúrò lóde. Tí ẹ bá ṣe é sódì, iná á gbára wọn.

Ẹ̀gbọ́n Rélùwéè (2:22 ọ̀sán)

Ẹ kú àṣeyè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ irin kò ní ṣaláì jí mi lójú oorun. Ohun tí Oníwáyà sọ nípa oríkèé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lórí irin ńlá. Níbi tí iná síńgínà bá ti ń gba inú irin kọjá, wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé bóòtù tó so irin méjì pọ̀. Wáyà ni wọ́n ń fi so ìkángun kan mọ́ èkejì, nítorí oríkèé á pẹ́ á yá á dógùn-ún.

Bàbá Ẹ̀bùn, o ṣàṣìṣe kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn. Irin gidi lo ní, nílùú Badagry, tí ọ̀sà wà níwájú, tí òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Wo páànù òrùlé àwọn aládùúgbò rẹ àti irin ojú fèrèsé wọn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yẹn kì í fi irin sílẹ̀. Ìgbà tí o wá fi sánpépà bó o lára, o ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí náà, kẹrosíìnì Ìyá Tọ́lá ló bá tìrẹ mu, kì í ṣe sípírítì. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Atúnfóònùṣe ń bẹ̀rù, lára irin gidi, aṣọ ni. Fún nickel silver, èmi náà á mú sípírítì.

Ohun kejì: jẹ́ kí ó máa rìn. Irin tí ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́ máa ń dán lókè, èyí tí ọkọ̀ ti pa tì á pupa láàrin ọjọ́ díẹ̀. Yípo ogún lójúmọ́ sàn ju nínù lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àgbà kún un, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó fò ó. Àlàfo irin ọmọ yẹn, tó bá jẹ́ ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mílímítà 16.5 ni. Wọ́n ń pè é ní OO, wọ́n sì ní ọkọ̀ orí rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 76 ti gidi. Ṣùgbọ́n àlàfo irin ńlá wọn tó mílímítà 1,435. Ẹ pín in sí 76, ẹ ó rí i pé ó sún mọ́ 19. Irin wọn tóóró jù fún ọkọ̀ wọn! Irin wa àtijọ́ ńkọ́, èyí tó gbéra ní Èkó, tó sì dé Ìbàdàn nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń bẹ̀rẹ̀? Mílímítà 1,067 ni. Ẹ pín in sí 64, ẹ ó bá a ní 16.7. Ẹni tó bá kan ọkọ̀ àtijọ́ wa ní ìdá kan nínú 64, orí irin ọmọ Bàbá Ẹ̀bùn yìí ni kí ó gbé e lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu láìṣẹ́kù.

Ọmọ Àjárá (2:40 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ bá wa kan ti Badagry pọ̀ mọ́ ọn. Òkókómáíkò ni wọ́n ní Blue Line máa parí sí, ti gidi kò sì tíì dé ibẹ̀. Ti ọmọ Ẹ̀gbọ́n nìkan ni rélùwéè tí a ní ládùúgbò, ó sì ti yọnu.

Akọ́wé Ṣágámù Road (3:30 ọ̀sán)

Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò. Mo lò ó, irin dán bíi dígí. Àṣé ó ń já wẹ́wẹ́. Òòfà wà nínú mọ́tò ẹ́ńjìnnì, ó fa gbogbo wẹ́wẹ́ yẹn mọ́ra, mọ́tò sì jóná lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí ìdọ̀tí bá le, írésà líle tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pa bírò rẹ́ ló tó, kí ẹ sì gbá erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Wọ́n tún máa ń fi pẹ́ńsù pa ojú irin lẹ́yìn tó bá ti mọ́, èyí tó rọ̀, 4B tàbí 6B. Kí ó kàn fara kàn án ni o. Mo ṣe é, ó dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá ní òkè kí ó má dán an wò, ó ń yọ̀.

Ìyá Tọ́lá, Ẹ̀pẹ́ (3:52 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sọ irin, irin, irin. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Tí ẹ bá nu ilẹ̀ tán tí ẹ sì wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé, kí ni ẹ ṣe?

Atúnfóònùṣe (4:10 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Tọ́lá pa mí lẹ́nu mọ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ kóòṣì rọrùn: ẹ fi sípírítì sí aṣọ, ẹ yí i lórí rẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá ti dì, igi ìṣáná ni kí ẹ fi ha á, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló gba ọgbọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ yí i tipátipá, eyín inú rẹ̀ á kán. Ẹ dojú ẹ́ńjìnnì bolẹ̀ lórí aṣọ, ẹ fi wáyà méjì fún un níná díẹ̀ kí ẹsẹ̀ yí, ẹ yọ iná, kí ẹ tó wá fi òwú ìnu etí tó ní sípírítì nu ibi tó yọjú. Ẹ tún fún un níná, ẹ tún yọ ọ́. Sípírítì àti iná kò gbọdọ̀ pàdé, bákan náà ni kẹrosíìnì. Tí ẹsẹ̀ kan bá ní rọ́bà lára, ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì kàn án, ó ń wú.

Bàbá Ẹ̀bùn (Sọ́ńdè, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn ni mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Páànù oríkèé mẹ́ta ló ti pupa nínú. Mo fọ̀ wọ́n, mo há wọn, mo fa wáyà sí òdìkejì. Mo fi kẹrosíìnì nu irin, mo nù ún gbẹ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìyá Tọ́lá, òótọ́ lẹ sọ, gbígbẹ yẹn ni iṣẹ́.

Nígbà tí mo wá dojú ẹ́ńjìnnì bolẹ̀, mo rí nǹkan dúdú tó wé mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ gbirigbiri. Mo rò pé gíríìsì ni. Mo fi abẹ́rẹ́ fà á, ó ń gùn sí i. Àtáàṣímẹ́ǹtì ni! Pálọ̀ ni ìyàwó mi ti ń dirun fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ibẹ̀ náà ni a ń tẹ́ irin sí lórí kápẹ́ẹ̀tì. Irun tí mo fà yọ níbẹ̀ tó fi di ẹyọ kan. Mo pè é kí ó wá wò ó, ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí òun mọ àwọ̀ rẹ̀, bóyá ti oníbàárà tó ní irun òun kò pé ni.

Ọkọ̀ ti ń rìn. Ó yípo nígbà mọ́kànlélógójì, ọmọ ló kà á, kí NEPA tó mú iná lọ. Gílóòbù ọ̀kadà tàn dọ́gba níbi gbogbo.

Ó ku ìbéèrè kan. Tí a bá ti ṣeré tán, ṣé kí n fi nàìlọ́n bò ó nítorí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tí Bàbá sọ?

Ẹ̀gbọ́n Rélùwéè (6:02 ìrọ̀lẹ́)

Nàìlọ́n kọ́. Ó ń láàgùn lábẹ́, inú omi lo máa bá irin rẹ. Gbé e kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, wá pákó tẹ́ ẹ sí, kí o sì fi aṣọ bò ó. Ìró tó ti gbó tó.

Bàbá Ẹ̀bùn (6:20 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Ó ní ìró òun kò tíì gbó.